Ẹjọ́ Tí Mo Tún Dá: "Chapter One" ti Ẹgbẹ́ BLO

Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì mi rí mọ̀ pé tí mo bá ṣi nǹkan kọ sára pátákó, ojú gbogbo yín ni mo ti máa ń nù ún kúrò, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ tán. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí nìyẹn. Ẹjọ́ kan wà tí mo dá ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Mo dá a sódì, mo sì fẹ́ tún un dá.

Àwo orin kan ni ẹlẹ́jọ́. "Chapter One" lorúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní BLO ló kọ ọ́, EMI Nàìjíríà ló sì gbé e jáde ní 1973. Àbúrò mi ọkùnrin ló ra rẹ́kọ́ọ̀dù náà wálé láti Dùgbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ló wà nígbà yẹn, ó sì ní gìtá kan tí okùn rẹ̀ ò pé, tó máa ń ta títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú. Èmi wà lọ́dún kẹta ní Yunifásítì Ìbàdàn, mò ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, orí mi sì ti wú bí àkàrà inú epo gbígbóná. Ó gbé àwo náà sórí gírámafóònù bàbá wa. Mo gbọ́ orin kan àti ààbọ̀, mo bá gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí ẹ̀. Mo ní, "Láolú, Gbénga, orúkọ Yorùbá gidi, kò wá sí Yorùbá kankan lẹ́nu wọn. Ṣe ni wọ́n ń sín Òyìnbó jẹ. Ìwọ náà sì fẹ́ dà bíi wọn."

Àbúrò mi ò fèsì. Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí láyé ìgbà yẹn, àbúrò kì í jiyàn pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n. Ó mú àwo ẹ̀, ó ti gìtá bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò gbọ́ kó ta á mọ́.

Nígbà Àjíǹde tó kọjá, ó wá kí mi ní Onírèké níbí. Òun náà ti di bàbá àgbà. Iná ti lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a ò sì tan jẹnẹrétọ̀, àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Ló bá yọ fóònù àti sípíkà kékeré kan látinú báàgì, ó gbé wọn ka orí tábìlì, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kó parí lónìí." Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wí, àfìgbà tí gìtá bẹ̀rẹ̀.

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan débi tí mo fi dá tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi dá a bẹ́ẹ̀, kì í ṣe láti fi gba ara mi sílẹ̀ o, nítorí pé kì í ṣe èmi nìkan ni. Àkókò ìjà ni ìgbà yẹn jẹ́ fún àwa tí à ń kọ́ èdè. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé gírámà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé jáde ní 1966 wà lọ́wọ́ wa bíi Bíbélì. Gbogbo ibi tí a bá ti rí Gẹ̀ẹ́sì níbi tó yẹ kí Yorùbá wà, a ti rí ọ̀tá nìyẹn. Olórin tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin, a ti mọ ibi tí a fẹ́ fi í sí.

Ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèrè: ìwé tí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, tó dá lé ohùn nínú èdè Yorùbá, èdè wo ni mo fi kọ ọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni, láti ojú ìwé kìíní dé ìgbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó pe èmi ní ọ̀bọ. Wọ́n fún mi ní fìlà àti aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ó yá, ta ni à ń bá ṣẹjọ́ gan-an? BLO, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ àwọn mẹ́ta ni wọ́n kó pọ̀: Berkley Jones tó ń ta gìtá, Láolú Akintobi tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Laolu Akins, òun ló ń lùlù, àti Mike Gbénga Odumosu tó ń ta gìtá béèsì. Jones àti Láolú ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ Clusters ṣáájú kí ọdún 1970 tó dé, wọ́n sì ti bá Geraldo Pino, gbajúmọ̀ olórin ará Sàró, ṣiṣẹ́. Ní 1970, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, dá ẹgbẹ́ Afrocollection sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣàtìpó l'Ékòó, tó sì kó nínú wọn mọ́ra sínú ẹgbẹ́ tó pè ní Salt, tí wọ́n jọ lọ ṣeré ní ìlú Òyìnbó. Salt ò pẹ́ tó fi túká. Ní 1972 ni BLO dìde dúró fúnra ẹ̀. Lọ́dún kejì ni "Chapter One" jáde.

Nítorí náà, àwọn tí mo pè ní ọmọdé tó ń sín Òyìnbó jẹ, wọ́n ti bá Òyìnbó tó ni orin náà ṣiṣẹ́ lójúkojú, wọ́n sì ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ wá dá tiwọn sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú adájọ́ tún inú rò.

Irú rọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ ni àwọn Òyìnbó ń pè ní psychedelic. Láàárín 1965 sí 1970 ló gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn bíi Jimi Hendrix àti Cream yẹn. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí orin dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ nǹkan lójú àlá. Wọ́n á gba inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ gbé ohùn gìtá kọjá, ohùn náà á hanrun, á sì máa dún padà bí ẹni pé inú ihò ló wà. Wọ́n á fa ohùn kan gùn títí. Ọ̀rọ̀ ẹnu olórin náà á máa léfòó lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "fà gùn" àti "léfòó" yìí sọ́kàn, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣe kọ́ọ̀sì ohùn, ẹ rántí ohun tí mo máa ń kọ sára pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Kọ́nsónáńtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú Yorùbá, ohùn kì í ṣe aṣọ tí a wọ̀ fún ọ̀rọ̀, ara ọ̀rọ̀ ni. Olórin Gẹ̀ẹ́sì lè mú sílébù kan ṣoṣo, kó gbé e gòkè, kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó tún fì í lọ fì í bọ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ò ní yẹ̀. Yorùbá ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kọ ọ́ lórin pé àgbẹ̀ gbé ọkọ́ lé èjìká, tí orin wá lọ sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ti yẹ kó gòkè, ọkọ̀ ni àgbẹ̀ náà máa gbé lé èjìká. Ẹ ò rí i pé ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti jìyà ẹ̀ rí. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin mímọ́ sí Yorùbá kó ọ̀rọ̀ wa, wọ́n dì í mọ́ orin Òyìnbó bó ṣe wà, ohùn ọ̀rọ̀ ń lọ sókè, orin ń lọ sílẹ̀. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń ta dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó, kọ ìwé kan, "Yoruba Music", tó jáde ní 1953. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an, bí orin Yorùbá ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, wà lára ohun tó jẹ ẹ́ lógún. Mo máa ń fi ìwé yẹn kọ́ yín. Síbẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn rí láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo orin àbúrò mi.

Tí mo bá ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni, mi ò bá ti rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tó fẹ́ kọ irú rọ́ọ̀kì yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà kìíní: kó fi tipátipá ki Yorùbá bọ inú orin tó ń fà gùn yẹn, kí ọkọ́ di ọkọ̀. Ọ̀nà kejì: kó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ọ̀nà kẹta: kó tún orin náà ṣe, kó fi ara mọ ohùn Yorùbá. BLO mú ọ̀nà kejì. Mi ò sọ pé wọ́n jókòó ṣèpàdé lórí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ o. Fáàrí wà níbẹ̀, ọjà náà wà níbẹ̀, gbogbo ọ̀dọ́ ìgbà yẹn ló fẹ́ dà bí ará Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọn ò ba Yorùbá jẹ́. Wọn ò ṣe é ní ohun tí à ń ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sì ń ṣe àmín sí i.

Ìyẹn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnu nìkan ni Yorùbá ń gbé? Nígbà tí àwo náà parí, mo ní kí àbúrò mi tún un fi sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ mọ́, ìlù Láolú nìkan ni mò ń bá lọ. Mò ń fi ìka lu apá àga. Ní "Time to Face the Sun", mo rí i pé ìka mi ti lọ sí ibi tí mi ò rán an. Kì í ṣe "pà" lórí ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹrin bíi ti àwọn onírọ́ọ̀kì Òyìnbó ni mò ń lù. Mò ń lu ohun tí wọ́n ń fi agogo lù níbi ìnáwó nílé wa.

Ọkùnrin yẹn pín iṣẹ́ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìyáàlù, omele àti agogo ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ọ̀kan di ilé mú, ọ̀kan ń bèèrè, ọ̀kan ń dáhùn. Kì í ṣe pé ìlù rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ bíi dùndún. Ìlù Òyìnbó ò ní ọsán tí onílù lè fún kí ohùn lè gòkè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bí a ṣe ń pín àkókò, ibi tí a ti ń mí, ibi tí a ti ń dá ẹlòmíì lóhùn. Ìyẹn náà wà lára èdè. Ọmọ ọwọ́ ti ń kọ́ ọ kó tó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Èmi tí mo fi ogójì ọdún kọ́ni ní ohùn, mo gbàgbé pé ohùn ń rìn lórí àkókò.

Gìtá Berkley Jones náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ rántí ohun tí à ń pè ní ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́: tí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, kì í fò sókè lójijì, ṣe ló máa ń yọ́ gòkè. Nígbà tí Jones bá fi ìka tẹ okùn gìtá tí ohùn sì ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, etí mi ń dúró de ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò dé. Àwọn Òyìnbó ló kọ́ ọ ní yíyọ́ yẹn, látọ̀dọ̀ àwọn olórin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá ò lè ṣe kó má dúró. Ìdúró yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù nínú àwo náà.

Ẹ má rò pé torí mo ti ṣẹ àbúrò mi, mo fẹ́ fi irọ́ ṣètùtù. Àwo yìí ní àléébù, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì wà gan-an sì ni. Ọ̀rọ̀ orin wọn fúyẹ́. "We Gonna Have a Party" ò sọ ju ohun tí àkọlé ẹ̀ ti sọ lọ, èèyàn lè jó o, kó gbàgbé ẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni "Chant to Mother Earth". Orin yẹn lẹ́wà. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, gìtá ń sunkún, ohùn ẹnu bí ẹni pé ó ń jáde látinú ìkùukùu. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan pamọ́ nínú àwo náà, òun ni màá mú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ní òun ń bá Ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú èdè tí wọ́n bí Láolú àti Gbénga sí, ilẹ̀ kì í ṣe kékeré. À ń ta omi sílẹ̀ fún un. À ń fi í mulẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ sí àdéhùn, ọ̀dàlẹ̀ là ń pè é, ilẹ̀ ló wà nínú orúkọ yẹn, a sì mọ̀ pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970 ni. Ẹ̀jẹ̀ tí ilẹ̀ mu kò tíì gbẹ. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ki Ilẹ̀ nínú orin yẹn ò gbé ìdá kan nínú ìwọ̀nyí. Orin náà mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Ṣé ọ̀nà kẹta wá ṣeé rìn? Ó ṣeé rìn, inú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti jọ wà ni ẹ̀rí ti jáde. Àwọn ìbejì Lijadu tí wọ́n jọ ṣe Afrocollection gbé àwo "Horizon Unlimited" jáde ní 1979. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ "Orere-Elejigbo". Gìtá iná wà níbẹ̀, gbogbo ìdàrúdàpọ̀ aládùn yẹn wà níbẹ̀, Yorùbá náà sì wà, ó ṣe kedere, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọn ò fa ọ̀rọ̀ gùn. Orin tí wọ́n fi sí i lẹ́nu kúrú, ó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, wọ́n wá fi fífà gùn sílẹ̀ fún àwọn ohun èlò orin. Tí Táíwò bá sì gòkè, Kẹ́hìndé á bá a gòkè, tí ó bá sọ̀, òun náà á sọ̀, àlàfo àárín wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ohùn méjì ni à ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ohùn kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ ohùn lọ gbọ́ ọ, ó sàn ju àwòrán tí mo máa ń yà lọ. Kẹ́hìndé ti lọ ní 2019, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ má fi ìyẹn na BLO o. Ọdún mẹ́fà ló wà láàárín àwo méjèèjì, ẹni tó ṣáájú ló ń gba ìrì ìdájí. "Chapter One" ò tà. Wọ́n kúrò ní EMI, wọ́n lọ sí Afrodisia, nígbà tí "Phase II" sì máa jáde ní 1975, wọ́n ti ń fi rọ́ọ̀kì olójú àlá yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí orin ijó. Odumosu padà lọ sí ẹgbẹ́ Osibisa. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù kó àṣàyàn orin wọn pọ̀ sínú "Phases 1972–1982", àwọn Òyìnbó wá ń bi ara wọn pé níbo ni irú èyí wà látọjọ́ yìí. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé wa n'Íbàdàn.

Láolú wá ńkọ́? Ní 1989, nígbà tí Ṣínà Peters gbé "Ace" jáde, tí kò sí òde ìnáwó tí wọn ò ti jó o, Láolú yìí kan náà ló darí iṣẹ́ náà ní sítúdíò. Ẹ ò gbàgbé bí ìlù inú "Ace" ṣe yára, tó sì mọ́ gaara. Mo jó o, ní agbádá, ní ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Mo ní, "Yorùbá rèé!" Ọwọ́ tí mo ní kò ní Yorùbá nínú ní 1973 ló tún un ṣe fún mi, tí mo fi ń jó o.

Ìdájọ́ mi tuntun nìyí. Lórí pé wọ́n ń sín Òyìnbó jẹ, BLO ò jẹ̀bi. Lórí pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn fúyẹ́, wọ́n jẹ̀bi díẹ̀, ọjọ́ orí wọn sì bẹ̀bẹ̀ fún wọn. Lórí pé kò sí Yorùbá nínú iṣẹ́ wọn, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo wá Yorùbá sí ibi kan ṣoṣo, mi ò rí i níbẹ̀, mo bá kéde pé ó ti kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ta gìtá ní Bódìjà àti Àgbowó, tí ẹ ń kọ̀wé sí mi pé Yorùbá ò ṣeé fi kọ rọ́ọ̀kì, iṣẹ́ àmúrelé yín nìyí. Ẹ gbọ́ "Chant to Mother Earth". Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ "Orere-Elejigbo". Kí ẹ wá jókòó, kí ẹ bá Ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kí orin gba ohùn ọ̀rọ̀ láyè, kí gìtá máa fà gùn nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹnì kan ò tíì ṣe é bí mo ṣe ń rò ó. Mo ṣì fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó lọ.

Nígbà tí àwo náà parí lẹ́ẹ̀kejì, mo bẹ àbúrò mi. Mo ní, "Jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ ọ́." Ẹ mọ̀ pé kò wọ́pọ̀ kí ẹ̀gbọ́n bẹ àbúrò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Mo bi í pé gìtá yẹn ńkọ́. Ó ní ikán ti jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tó ti pẹ́.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa ṣe dáadáa.